Ọkọ̀ Àtijọ́ Kú Lójú Ọ̀nà: Iná Ni àbí Epo? Àlàyé Lórí Títún Ẹ̀yà Àtilẹ̀wá Ṣe

Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kú lójú ọ̀nà. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kábúrétọ̀ ni. Èkejì ní kọ́ìlì ti jóná. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi ti ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ kò wá mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pò mọ́ ẹtánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan, tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni E10, epo tí ẹtánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ti di epo gbogboogbò ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ sì ti gbọ́ pé àfi kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ẹ̀yà epo ọkọ̀ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ nígbà náà ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ kí ó lè ṣeé tú. Sukúrù ni wọ́n fi dè é. Tí pọ́ǹpù epo bá daṣẹ́ sílẹ̀, awọ rọ́bà pelebe kan nínú rẹ̀ ló sábà máa ń ya. Irin tó bò ó ṣì le koko. Ẹ tún mọ̀ pé tuntun kò fi dandan dára ju àtijọ́ lọ: ọ̀pọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà àti rótọ̀ (apá kékeré tó ń yí nínú dísíríbútọ̀ láti pín iná) tí wọ́n ń ṣe lónìí kì í pẹ́ kó tó kú. Nítorí náà, ẹ má ju èyí tó wà lára ọkọ̀ nù títí ẹ ó fi mọ ohun tó ṣe é gan-an.

Kí ni orúkọ àwọn ẹ̀yà náà, kí sì ni iṣẹ́ wọn?

Ẹ̀yà iná bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Dáínámò ni ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí, tó ń dá iná padà sínú bátìrì bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Rẹ́gúlétọ̀ ni ẹ̀ṣọ́ tí kì í jẹ́ kí iná náà pọ̀ jù. Kọ́ìlì ń sọ iná kékeré di ńlá, dísíríbútọ̀ sì ń pín in fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà tó ń ta iná sínú ẹ́ńjìnnì, lásìkò tirẹ̀. Inú dísíríbútọ̀ yìí ni kọ́ńtáàtì wà, ìyẹn irin kékeré méjì tó ń pàdé tó sì ń yà. Kọ́ńdẹ́ńsà jẹ́ agolo kékeré tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló máa ń wà.

Ẹ̀yà epo kò tó bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀: táǹkì, páìpù, pọ́ǹpù tó ń fa epo, àti kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó gbé e mì.

Ẹ wo nǹkan méjì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Èkíní ni fóòtì ọkọ̀ náà, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná rẹ̀. Púpọ̀ nínú Volkswagen Beetle, ọkọ̀ tí a mọ̀ sí Ìjàpá, tí wọ́n ṣe ṣáájú 1967 ló ń lo fóòtì 6, kì í ṣe 12. Èkejì ni orí bátìrì tí wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé àárín àwọn ọdún 1960 jẹ́ pé orí tó ní àmì ìròpọ̀ (+) ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, òdìkejì ohun tí a ń ṣe lónìí. Ẹni tó bá so bátìrì pọ̀ láìwo èyí lè sun rédíò tàbí ẹ̀rọ ìgbàlódé èyíkéyìí tó wà nínú ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá iná ló fà á tàbí epo?

Ibí yìí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù ti ń wáyé. Ẹ́ńjìnnì gbóná, ó kú, ó sì kọ̀ láti dáhùn. Tó bá tutù, á tún ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé á ní epo ti hó di oru nínú páìpù. Lóòótọ́, epo òde òní máa ń tètè di oru ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kọ́ńdẹ́ńsà tó ń kú àti kọ́ìlì tó ti gbó ń ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́: ooru ń dá wọn dúró, ìtutù sì ń jí wọn. Kì í ṣe lẹ́yìn wákàtí kan ló yẹ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú ẹsẹ̀ tó kú ni, kó tó tutù.

Ẹ yọ ìdérí afẹ́fẹ́ kúrò lórí kábúrétọ̀, kí ẹ wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ ṣí tọ́rótù, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan. Lórí kábúrétọ̀ Solex, Weber àti ọ̀pọ̀ míì, epo gbọ́dọ̀ tú jáde fín-ín bí omi ìbọn ìṣeré. Tó bá tú, epo wà nínú kábúrétọ̀, kò sì sí ìdí láti máa tú pọ́ǹpù. Ẹ dá ìdérí náà padà kí ẹ tó kan iná. Lẹ́yìn náà ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kan, ẹ fi í sínú wáyà rẹ̀, ẹ gbé irin ara rẹ̀ lé ara ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí ihò púlọ́ọ̀gì tó ṣí sílẹ̀ àti sí ibi tí epo ti kán, kí ẹlòmíràn wá ta ọkọ̀ náà. Iná aláwọ̀ búlúù tó ń ta pàrà dára. Èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí tó ń ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò lágbára. Kí ẹ̀rọ ìpaná wà nítòsí ní gbogbo ìgbà.

Ìdájọ́ tèmi ni pé iná ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó rọrùn láti wọ̀n, ó sì ń fi ara rẹ̀ pe àìsàn kábúrétọ̀ nígbà púpọ̀.

Kí ni kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà ń ṣe?

Ẹ ronú nípa omi tó ń sáré nínú páìpù gígùn. Tí ẹ bá ti ẹnu ẹ̀rọ omi náà pa lójijì, páìpù á ta gìrì, ẹ ó sì gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú ògiri. Omi tó ń sáré ni a dá dúró lójijì, agbára rẹ̀ ní láti wá ibì kan lọ. Bí kọ́ìlì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí kọ́ńtáàtì bá pàdé, iná bátìrì ń sáré gba inú kọ́ìlì kọjá. Nígbà tí wọ́n bá yà, iná dúró lójijì, agbára tó wà nínú kọ́ìlì á sì ta jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó lè tó fóòtì 20,000. Nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Bí kò bá sí kọ́ńdẹ́ńsà, iná náà yóò fò láàárín kọ́ńtáàtì dípò kó lọ sí púlọ́ọ̀gì. Kọ́ńdẹ́ńsà dà bí àwo tí a gbé sábẹ́ ibi tí omi fẹ́ ta sí: ó gba èyí tó fẹ́ fò, kí ìdádúró náà lè jẹ́ lójijì lóòótọ́. Kọ́ńtáàtì tó dúdú, tó jóná, tàbí tí òkìtì kékeré hù sórí ọ̀kan nígbà tí kòtò wà lára èkejì, kọ́ńdẹ́ńsà rẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín máíkúrófáráàdì 0.18 sí 0.25. Ṣùgbọ́n mítà lè sọ pé ó dára nígbà tó tutù. Ẹ fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun mú un gbóná, kí ẹ tún un wọ̀n. Àwọn tó fẹ́ kí ojú ẹ̀yà náà wà bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́ máa ń tú inú agolo àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi kápásítọ̀ kékeré (irú kọ́ńdẹ́ńsà ìgbàlódé) máíkúrófáráàdì 0.22, oní fóòtì 630 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sínú rẹ̀.

Fún kọ́ńtáàtì fúnra rẹ̀, bí kò bá tíì jẹ ju, ẹ fi ayùn kékeré tí a ṣe fún un yún un kí ojú méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má ṣe lo sáńpépà. Ìyanrìn rẹ̀ ń kù sínú irin, á sì di ìdènà fún iná. Kódà kọ́ńtáàtì tuntun ń wá pẹ̀lú òróró tí wọ́n fi pa á kó má dógùn-ún. Ẹ fi páálí pelebe tí ẹ kì bọ ọtí ìnùǹkan nù ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ lè kọ̀ láti dáhùn rárá, ẹ ó sì máa rò pé ẹ ra ayédèrú.

Láti ṣètò àlàfo rẹ̀, ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì á fi gun orí gegele ọ̀pá àárín dísíríbútọ̀ níbi tó ga jù. Ẹ ti abẹ géèjì (irin pelebe tí a fi ń wọn àlàfo) 0.4 mílímítà bọ àárín méjèèjì. Ìwọ̀n ti Ìjàpá nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo dísíríbútọ̀ Lucas sì wà láàárín 0.35 sí 0.40. Ẹ dè é, kí ẹ tún un wọ̀n, nítorí dídè náà máa ń sún un. Lórí kọ́ńtáàtì tó ti ní kòtò, abẹ géèjì ń parọ́: orí òkìtì ló ń wọ̀n. Mítà tó ń ka iye dígírì tí kọ́ńtáàtì fi wà ní pípàdé dára jù. 44 sí 50 ni ti Ìjàpá. Bí àlàfo bá yí padà, táímìn ẹ́ńjìnnì náà, ìyẹn àsìkò tí iná ń ta, á yí padà, dígírì kan fún dígírì kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kọ́ńtáàtì ni à ń kọ́kọ́ ṣe, táímìn lẹ́yìn, kì í ṣe òdìkejì.

Gíríìsì tí kò ju orí ìṣáná lọ ni kí ẹ fi sí ara ọ̀pá tí ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì ń họ. Bí kò bá sí i, ẹsẹ̀ náà á jẹ, àlàfo á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ kán ọ́ìlì ẹ̀ẹ̀mejì sórí òwú kékeré tó wà lábẹ́ rótọ̀. Ẹ fi ẹnu fa rọ́bà afẹ́fẹ́ tó wọ ẹ̀gbẹ́ dísíríbútọ̀: àwo kọ́ńtáàtì gbọ́dọ̀ sún, kó sì dúró síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá fi ahọ́n dí ẹnu rọ́bà. Bí kò bá dúró, awọ inú rẹ̀ ti ya. Ẹ mi ọ̀pá àárín náà sí ọ̀tún àti òsì. Tó bá ń mì, kò sí kọ́ńtáàtì tuntun tí yóò dúró síbi tí ẹ bá ṣètò rẹ̀ sí. Búṣì rẹ̀, òrùka irin tó dì í mú, ni kí wọ́n pààrọ̀.

Kọ́ìlì oní fóòtì 12 tí kò ní rẹsísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dín iná kù) níta sábà máa ń ka nǹkan bí óòmù 3 láàárín orí kékeré rẹ̀ méjèèjì. Èyí tó ka 1.5 ń fẹ́ rẹsísítọ̀. Bí ẹ bá so ó láìsí i, kọ́ìlì á gbóná débi pé ẹ kò ní lè fọwọ́ kàn án, kọ́ńtáàtì á sì jóná.

Kí ló dé tí dáínámò kò fi iná sínú bátìrì mọ́?

Bẹ́líìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn rẹ̀ bọ́rọ́ọ̀ṣì, ìyẹn èédú kékeré méjì tó ń họ ara bàbà tó ń yí. Bí wọ́n bá ti kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí sípíríǹgì kò tẹ̀ wọ́n mọ́, ẹ pààrọ̀ wọn. Iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ fi sáńpépà fẹ́lẹ́ fọ bàbà náà. Ẹ má lo ẹ́mẹ́rì, nítorí ìyẹ̀fun rẹ̀ ń gbé iná. Lẹ́yìn náà ẹ fi abẹ ayùn irin tó ti ṣẹ́ yọ àlàfo tó wà láàárín igun bàbà kọ̀ọ̀kan kó jìn tó nǹkan bí 0.5 sí 0.8 mílímítà, kí ohun tó wà níbẹ̀ má gbé bọ́rọ́ọ̀ṣì sókè.

Ẹ ṣọ́ra níbi ìdánwò. Dáínámò Lucas ni a ń so ibi wáyà tí wọ́n kọ D àti F sí lára rẹ̀ pọ̀, kí a wọn fóòtì láàárín wọn àti ara ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Ti Bosch lórí Ìjàpá yàtọ̀: DF la ń so mọ́ ara ọkọ̀, D+ la sì ń wọ̀n. Ẹni tó bá fi ìdánwò ti ọ̀kan ṣe èkejì á pe dáínámò tó wà láàyè ní òkú. Bí dáínámò Lucas bá ti jókòó pẹ́, tàbí wọ́n ti tú u, ẹ fi wáyà láti orí bátìrì tó ní iná kan F fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí ẹ bá ti yọ wáyà tirẹ̀ kúrò. Ìyẹn ló ń rán irin inú rẹ̀ létí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó dojú kọ.

Nínú rẹ́gúlétọ̀, ẹ̀yà kan wà tó ń já iná kúrò bí ẹ́ńjìnnì bá dúró. Tí ojú rẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀, bátìrì á máa tú iná sínú dáínámò ní gbogbo òru, wáyà lè gbóná títí á fi jó. Ẹ fọ ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi bí ó ṣe tẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Títẹ irin rẹ̀ láìní mítà ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́.

Wáyà tó ti gbó ńkọ́?

Ìmọ́lẹ̀ tó ṣókùnkùn kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi gílóòbù. Gílóòbù wáàtì 40 ń fa nǹkan bí áḿpù 3.3 lórí fóòtì 12, ṣùgbọ́n ó ń fa 6.7 lórí fóòtì 6. Bí ààbọ̀ fóòtì (0.5) bá sọnù lójú ọ̀nà, ìpín tí ọkọ̀ fóòtì 6 pàdánù nínú iná rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì. Ẹ tan iná náà, ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí bátìrì tó ń fún un ní iná, èkejì sí ẹnu gílóòbù. Ohun tó bá ju 0.5 lọ, ìdènà wà. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìdí gílóòbù sí orí bátìrì tó wà mọ́ ara ọkọ̀. Ibẹ̀ kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Níbi tí ìdènà bá wà, ẹ gé wáyà padà títí ẹ ó fi rí bàbà tó ń dán, ẹ yọ ìpẹtà kúrò lára irin tó dè mọ́. Lórí Ìjàpá, fíùsì funfun jẹ́ áḿpù 8, pupa jẹ́ 16. Ẹ kàn máa yí wọn nínú ilé wọn kí ojú wọn lè mọ́. Ẹ má fi èyí tó tóbi jù rọ́pò.

Kí ló máa ń kú nínú pọ́ǹpù epo?

Awọ rọ́bà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dáyáfírámù ni. Ẹtánọ́ọ̀lù kì í sábà pa irin pọ́ǹpù. Rọ́bà àtijọ́ ló ń rọ̀, tó ń wú, tó sì ń ya. Ohun tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ nítorí epo tuntun kì í sábà ju awọ yìí, àwọn gásíkẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà páìpù lọ, kí ẹ sì wá rọ́bà tí wọ́n tẹ SAE J30R9 sí lára. Bí awọ náà bá ya, epo á máa ṣàn sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ má ta ọkọ̀ náà mọ́ títí ẹ ó fi da ọ́ìlì náà nù.

Kí ẹ tó tú pọ́ǹpù, ẹ họ ìlà kan kọjá lára apá òkè àti ìsàlẹ̀ kí ẹ lè dá wọn padà bó ṣe wà. Nígbà tí ẹ bá ń dè é, ẹ tẹ apá irin rẹ̀ sílẹ̀ kí awọ náà rọ̀gbọ̀kú dáadáa, kí ẹ sì máa dè ìdè rẹ̀ ní ìgun sí ìgun. Bí ẹ bá dè é nígbà tí awọ náà nà, kò ní pẹ́ ya. Agbára tó yẹ kí ó fi ta epo jáde lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wà láàárín 2 sí 4 psi (ìwọ̀n agbára ìtẹ̀) péré. Pọ́ǹpù iná ìgbàlódé tó lágbára jù á ti abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, epo á sì kún bo ẹ́ńjìnnì.

Pọ́ǹpù iná SU, irú èyí tó wà lórí ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì MGB, ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀. Tó bá ń lù kì-kì-kì láìdáwọ́ dúró tí epo kò sì dé, afẹ́fẹ́ ló ń fà wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́ tó ṣì ń lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, epo ń jò níbì kan, tàbí abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ kò pa ẹnu dé. Tó bá dákẹ́ tó sì dáhùn nígbà tí ẹ lù ú jẹ́jẹ́, kọ́ńtáàtì rẹ̀ ló jóná.

Báwo la ṣe ń tún kábúrétọ̀ ṣe?

Ẹ wo táǹkì omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀: bọ́ọ̀lù tó léfòó ń gòkè bí omi ti ń kún, ó sì ń ti omi pa. Fílóòtì àti abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ kò yàtọ̀ sí i. Bí kábúrétọ̀ bá ń kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹ gbọn fílóòtì bàbà létí yín. Bí epo bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu. Ẹ rì í sínú omi gbígbóná. Ibi tí ìhó bá ti jáde ni ihò náà. Epo inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde tán pátápátá kí ẹ tó mú irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ òjé sún mọ́ ọn, torí oru epo inú rẹ̀ lè bú gbàù. Kí òjé tí ẹ fi dí i kéré gan-an: fílóòtì tó bá wúwo yóò jẹ́ kí epo ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ kọ iye tó wà lára jẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan (bàbà kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá) sílẹ̀ kí ẹ tó yọ wọ́n, kí ẹ sì ya àwòrán bí ohun gbogbo ṣe wà. Ẹ má ti wáyà bọ ihò wọn. Ihò náà ló ń wọn epo. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, iye tó wà lára rẹ̀ ti di irọ́. Ẹ rì í sínú ọṣẹ ìfọ kábúrétọ̀, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ gba òdìkejì.

Ọ̀pá tó gbé labalábá tọ́rótù ni ó máa ń jẹ jù, kò sì sí àpò gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó ń wo èyí sàn. Bí ọkọ̀ kò bá lè dúró sójú kan lẹ́yìn gbogbo ìfọ̀, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí etí ọ̀pá náà bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀: kí wọ́n gbẹ́ ihò náà tóbi, kí wọ́n fi búṣì bàbà sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ yí páìpù bàbà kékeré tí epo ń gbà wọ kábúrétọ̀ Solex. Títì ni wọ́n tì í wọlé, kò ní ẹsẹ̀ sukúrù. Bí ó bá ń mì, ó lè fò yọ lójú ọ̀nà, kí epo sì tú sórí dísíríbútọ̀ tó ń ta iná. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ Ìjàpá ti gbà jóná nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ sukúrù sí i, kí ẹ má sì gbé fílítà epo kọ́ sókè dísíríbútọ̀.

Táǹkì àti géèjì rẹ̀ ńkọ́?

Bí ọkọ̀ bá kú lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, tí ẹ ṣí ìdérí táǹkì tí afẹ́fẹ́ sì wọlé fùù, ihò èémí ìdérí náà ló dí. Kò sí ohun tó ṣe pọ́ǹpù.

Fún ìpẹtà inú táǹkì, ásíìdì sítíríìkì nǹkan bíi gíráàmù 50 sí lítà omi gbígbóná kan ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹ fi omi tí ẹ po sódà ìyan-búrẹ́dì sí ṣan án, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ kíá, nítorí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ń dógùn-ún láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iná wẹ́dà sún mọ́ táǹkì tó ti gba epo rí, bó ti wù kí ó ti gbẹ tó.

Bí géèjì epo kò bá sún, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ wáyà kúrò lórí táǹkì, kí ẹ fi kan ara ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Bí ọwọ́ géèjì bá lọ sí òpin kan, géèjì àti wáyà wà láàyè, ohun tó wà nínú táǹkì ló kú. Bí géèjì epo àti ti ooru bá ń parọ́ pọ̀, tí àwọn méjèèjì ń ka jù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má tú ìkankan nínú wọn. Lẹ́yìn àwo géèjì lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti àwọn ọdún 1960, àpótí kékeré kan wà tó ń dín iná kù sí nǹkan bíi fóòtì 10 fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó fọ ibi tó ti kan ara ọkọ̀, àwọn géèjì méjèèjì á sì sábà padà sípò.